Tábìlì mẹ́jọ fún ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti ọjọ́ ìráhùn

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ìyá kan tó jẹ́ olùṣírò owó ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, pè mí lórí fóònù. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà ni mo kan tábìlì mẹ́jọ fún wọn. Ó ní, "Ọ̀gá káfíńtà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín. Láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé àwọn tábìlì yìí wá ni ojú ti ń ta wá, bó bá sì di ìrọ̀lẹ́, èjìká mi á máa ro mí bí ẹni tó gúnyán ìnáwó."

Èmi ni mo kan àwọn tábìlì náà, èmi ni mo yan pákó, èmi ni mo sì pinnu bí wọn yóò ṣe ga tó. Ìdí nìyí tí mo fi kọ bí a ṣe tún iṣẹ́ náà ṣe sílẹ̀, pẹ̀lú iye tó ná wa àti ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe, nítorí mo mọ ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń ṣe ohun tí mo ṣe yìí lójoojúmọ́.

Ìpele 1: Ohun tí mo bá nínú yàrá

Yàrá náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 24 sí 18. Gbogbo fèrèsé ló wà ní títì nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Mo lóṣòó, mo ti orí bọ abẹ́ tábìlì ìyá olùṣírò, n kò sì tíì ka ení dé ogún kí omi tó bọ́ lójú mi.

Pákó MDF ni mo fi kan gbogbo wọn, ìyẹn pákó tí wọ́n fi fọ́nrán igi wẹ́wẹ́ àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ nínú ẹ̀rọ gbígbóná. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n sábà máa ń lò fún un a máa tú gáàsì formaldehyde sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí pákó ti kúrò ní ilé iṣẹ́, ooru àti ọ̀rinrin a sì máa mú kí ó jáde sí i. Gáàsì yìí ni í ta ojú, òun ni í sì yún ọ̀nà ọ̀fun. Láti ọdún 2004 ni ẹ̀ka tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé ti kà á mọ́ àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Fọ́máíkà tí mo lẹ̀ mọ́ ojú tábìlì dí ọ̀nà mọ́ ọn lókè, ṣùgbọ́n etí tí ayùn gé, abẹ́ tábìlì, àti ihò tí wáyà ń gbà kọjá, gbogbo rẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ ní ìhòòhò. Mo rò pé ohun tí ojú oníbàárà kò tó kò nílò ìnáwó. Bẹ́ẹ̀ sì ni ibi tí a gé gan-an ni gáàsì náà ti máa ń jáde jù.

Ìpele 2: Wíwọn àwọn tí yóò jókòó

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gba iṣẹ́ yìí, yàrá ni mo wọ̀n; n kò wọn ẹnikẹ́ni. Ínṣì 30 ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń gé ẹsẹ̀ tábìlì sí, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 76, bẹ́ẹ̀ náà ni èmi sì ń gé e láti ọdún tí mo ti gba òmìnira. Ní ọjọ́ kejì mo padà lọ pẹ̀lú téèpù. Mo ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọ bàtà tó máa ń wọ̀ wá sí ibi iṣẹ́, kí ó jókòó, kí a gbé àga sókè tàbí sílẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yóò fi tẹ́ sílẹ̀ dáadáa, kí apá rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ láti èjìká, kí ó sì na ọwọ́ síwájú bí ẹni fẹ́ tẹ kọ̀ǹpútà. Láti ilẹ̀ títí dé abẹ́ ìgúnpá ni mo wọ̀n.

Ìgúnpá ẹni tó kúrú jù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 62 sílẹ̀. Ti ẹni tó ga jù jẹ́ 71. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tí tábìlì mi kò ga jù fún. Ti ìyá olùṣírò jẹ́ 63, èyí tó túmọ̀ sí pé sẹ̀ǹtímítà 13 ni màmá yìí fi ń gbé èjìká sókè láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan ti gbé àga wọn sókè láti bá tábìlì dọ́gba, ẹsẹ̀ wọn sì ń rọ̀ láìkanlẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan fi páálí ìwé sábẹ́ ẹsẹ̀.

Ìpele 3: Ìgbìyànjú àkọ́kọ́, tí kò tó

Mo kọ́kọ́ rò pé bí a bá dí gbogbo ibi tó wà ní ìhòòhò, tí a sì gé ẹsẹ̀ tábìlì kúrú, ọ̀rọ̀ ti parí. A ra téèpù tí a máa ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ etí pákó, a lẹ fọ́máíkà mọ́ abẹ́ gbogbo tábìlì, a sì fi gọ́ọ̀mù olómi kun inú ihò wáyà lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo rẹ̀ ná wa ní ₦38,500. Òórùn náà dínkù. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí yàrá ti wà ní títì fún ọjọ́ méjì, ó ṣì ń pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà. A wá rí i pé omi ti wọ méjì nínú àwọn pákó náà láti ibi ìṣó, wọ́n ti wú, etí tí a lẹ̀ sì ti ń ṣí.

Mo gbà fún wọn pé màá pààrọ̀ gbogbo ojú tábìlì sí igi gidi, pé owó iṣẹ́ wà lọ́rùn mi, kí àwọn san owó igi. Pákó MDF mẹ́fà tó ṣì dára ni a gbé lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, a sì sọ wọ́n di pẹpẹ fáìlì, nítorí gáàsì náà a máa dínkù bí oṣù ti ń gorí oṣù. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe dáná sun àjákù MDF lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ẹ má sì fún àwọn obìnrin tó ń wá ṣa igi ìdáná. Gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ni wọn yóò máa fà símú.

Ìpele 4: Wíwá igi

N kò fẹ́ kí a gé ìrókò tuntun nítorí tábìlì ọ́fíìsì. Igi ìrókò kì í dàgbà lọ́dún díẹ̀, èyí tó sì kù nínú igbó wa kò pọ̀ mọ́. Mo ronú sí pálẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń kó ẹrù wọ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ wo òǹtẹ̀ tó wà lára rẹ̀, èyí tó ní àwòrán ṣírí àlìkámà. Bí wọ́n bá kọ HT síbẹ̀, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀, títí inú igi fi gbóná tó 56°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ó bá jẹ́ MB ni wọ́n kọ, gáàsì olóró methyl bromide ni wọ́n fín sí i, ẹ má sì gbé e wọ yàrá tí ènìyàn ń jókòó. HT ni èyí tí mo rí, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ tinrín jù.

Ohun tí a rí níkẹyìn dùn mọ́ mi nínú. Wọ́n ń wó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan, pákó ìrókò ni wọ́n sì fi tẹ́ ilẹ̀ òkè rẹ̀. Ẹni tó ń wó ilé náà ti fẹ́ tà á fún àwọn tó ń dáná búrẹ́dì. Mo ra 22 lọ́wọ́ rẹ̀ ní ₦4,500 ẹyọ kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ó fẹ̀ ní ínṣì 6, ó sì nípọn ní ínṣì kan. Ọkọ̀ gba ₦18,000.

Àṣìṣe mi ni pé n kò yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó sanwó. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fá wọn, mẹ́rin nínú wọn ń rùn bí ọ̀dà títì, nítorí pé wọ́n ti fi sólígínọ̀ọ̀mù kùn wọ́n lábẹ́ nítorí ikán, ó sì ti mu wọnú igi. Kò sí bí a ṣe lè fá ìyẹn tán. Méjì ní ọ̀dà àtijọ́ tó nípọn lára. Ọ̀dà ayé ìgbà yẹn sábà máa ń ní òjé nínú, eruku òjé sì ń ba ọpọlọ àwọn ọmọdé jẹ́, nítorí náà n kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi sáńdípépà kàn án. Ikán ti jẹ mẹ́ta. Ó ku 13.

Lẹ́yìn náà ni ìṣó. Ọmọ iṣẹ́ mi àgbà fi òòfà wá wọn, ó sì yọ ìṣó tó lé ní ọgọ́fà, ṣùgbọ́n òòfà kékeré ni, kò gbọ́ èyí tó ti kán sínú igi. Ní pákó kẹrin, a gbọ́ igbe kan láti inú ẹ̀rọ ìfági, eyín abẹ méjèèjì sì ti kán. Owó abẹ tuntun àti pípọ́n àwọn mìíràn jẹ́ ₦35,000. Láti ọjọ́ yẹn, òòfà tí a tú lára àpótí ohùn rédíò ńlá ni a ń lò. A so ó mọ́ okùn, a ń fà á lọ lókè pákó díẹ̀díẹ̀, ibi tó bá ti yẹ̀ ni a ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí.

Ìrókò náà tó ojú tábìlì márùn-ún. Fún mẹ́ta tó kù àti fún gbogbo ẹsẹ̀, mo ra mélínà ní Ọjà Pákó Bódìjà. Ilẹ̀ Éṣíà ni igi mélínà ti wá. Wọ́n gbìn ín lọ rẹpẹtẹ ní igbó ọba Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn láti fi ṣe ìwé ní ilé iṣẹ́ Ìwòpín. Ó ń yára dàgbà, ó fúyẹ́, ìfági sì ń lọ lára rẹ̀ láìjà. Pákó mẹ́rin, ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, ínṣì 12 ní fífẹ̀, jẹ́ ₦9,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tún ra ogún igi onínṣì 2 sí 4, ₦4,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìpele 5: Igi tí kò gbẹ

Mo kánjú. Mo fẹ́ kí ìyá olùṣírò rí tábìlì kan kíákíá, mo sì lo mélínà náà lọ́sẹ̀ tí mo rà á. Mo lẹ pákó pọ̀, mo dè é mọ́ férémù rẹ̀ pẹ̀lú ìdè gbọn-in gbọn-in, mo sì gbé e lọ ní ìparí oṣù Kọkànlá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, ojú ibi tí a lẹ̀ ṣí ní mílímítà 3, ẹnu bírò kan fẹ́rẹ̀ẹ́ lè há sí i. Ẹ̀rọ amúlétutù a máa fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ náà á sì fa ti inú igi. Igi kì í fi bẹ́ẹ̀ sún kì ní gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀ ni ó ń sún kì. Níwọ̀n bí mo ti dè é mọ́lẹ̀ tí kò lè sún, ó yàn láti là.

Ohun tí a ṣe lẹ́yìn náà nìyí. A to àwọn pákó tó kù lórí ara wọn nínú ìbòòji, a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ là wọ́n láàárín ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà méjì, a sì gbé búlọ́ọ̀kù lé e lórí kí wọ́n má baà wọ́. Mo gé ègé kan, mo sì ń wọ̀n ọ́n ní gbogbo ọjọ́ Sátidé lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná. Ọjọ́ kìíní, gíráàmù 1,140. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, 968. Ọ̀sẹ̀ keje, 908. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ, 905. Ìgbà tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dínkù mọ́ ni mo tó fọwọ́ kàn án. Ọyẹ́ ọdún náà ràn wá lọ́wọ́. Ní àkókò òjò, ẹ má retí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yóò tó.

Nígbà tí a ń de ojú tábìlì mọ́ férémù lẹ́ẹ̀kejì, a fa ihò ìdè gùn bí ẹyọ ìrẹsì dípò kí ó rí rogodo, kí igi lè máa sún síwá sẹ́yìn láìfa ìdè tu. Gbogbo ojú tábìlì jẹ́ ínṣì 48 sí 24, ìrókò nípọn ní ¾ ínṣì lẹ́yìn tí a fá a.

Ìpele 6: Ẹsẹ̀ tó ń ga tó ń rẹlẹ̀

Ẹni mẹ́jọ, ìwọ̀n mẹ́jọ. Bí ẹnì kan bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la, ẹlòmíràn ni yóò jókòó síbẹ̀. Nítorí náà mo pín ẹsẹ̀ sí méjì. Apá ìsàlẹ̀ dúró lórí ilẹ̀, apá òkè wà lára ojú tábìlì, àwọn méjèèjì fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, bọ́ọ̀tì sì gba inú wọn kọjá. Mo lu ihò ní ínṣì kan sí ara wọn, kí tábìlì lè wà láti ínṣì 24 títí dé 29.

Bọ́ọ̀tì kan ni mo kọ́kọ́ fi sí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tábìlì náà sì ń mì bí ẹni bá ti ń tẹ kọ̀ǹpútà. Mo fi ìkejì sí i, ínṣì mẹ́ta sí àkọ́kọ́, mo sì fi igi ìdábùú kan so ẹ̀yìn, ó wá dúró ṣinṣin. Bọ́ọ̀tì 64 ni gbogbo rẹ̀, ₦450 ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ọ̀tì àti wáṣà. Ẹ rí i dájú pé pákó kan náà, tí ẹ ti lu ihò rẹ̀ pé, ni ẹ fi ń júwe ihò fún gbogbo ẹsẹ̀. Èmi fi téèpù wọn ti tábìlì kìíní lọ́kọ̀ọ̀kan, ihò méjì kò sì ṣe déédéé.

Àṣìṣe kan tún wà níbí. Férémù abẹ́ tábìlì fẹ̀ ní ínṣì 4 yíká. Nígbà tí a rẹ tábìlì ìyá olùṣírò sílẹ̀ sí ibi tó bá ìgúnpá rẹ̀ mu, itan rẹ̀ kò ríbi wọlé. Mo yọ férémù iwájú kúrò pátápátá, mo fi ti ẹ̀yìn àti ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sílẹ̀. Ojú tábìlì kò tẹ̀ síbẹ̀.

Ìpele 7: Eruku inú ṣọ́ọ̀bù

Nígbà tí a ń fá ìrókò ni mo ṣàkíyèsí pé ọmọ iṣẹ́ mi kékeré ń wúkọ́ lóru. Imú rẹ̀ ń yún un, ìpéǹpéjú rẹ̀ wú. Eruku ìrókò a máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, eruku igi lápapọ̀ sì ti wà lára àwọn ohun tí àjọ ìlera àgbáyé kà mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ láti ọdún 1995. Ó dùn mí, nítorí pé mo ti ń sáré kiri lórí ìlera àwọn tí yóò jókòó ti tábìlì, nígbà tí ẹni tó ń kan án ń wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìbòmú aláṣọ tí a ń lò kò dá eruku wẹ́wẹ́ dúró. Mo ra èyí tó ń há mọ́ imú dáadáa, ₦16,000 fún páálí kan.

Mo sì fi garawa ọ̀dà onílítà 20 méjì ṣe ohun tó ń gba eruku sílẹ̀ kí ó tó dé ẹ̀rọ afaruku. Ọ̀pá kan ń fa eruku wọ inú garawa òkè láti ẹ̀gbẹ́, ó ń yí po níbẹ̀, eruku wíwúwo á bọ́ sí garawa ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì gba àárín lọ sínú ẹ̀rọ afaruku àlòkù tí mo ti ní. Ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ gba ọjọ́ kan. A kò fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀ ní gbígbẹ mọ́; a ń wọ́n omi sí i ná. Èérún mélínà ni a fún ẹnì kan tó ń sin adìẹ ní Mọ́níyà, òun ló ń wá kó o. Èérún ìrókò àtijọ́ àti ti MDF kò sí níbẹ̀, nítorí a kò mọ ohun tó ti wọ inú wọn.

Ìpele 8: Òróró àti ìda

Tínà àti fáníṣì tí a ń fín a máa mú yàrá rùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí náà òróró linseed, tí wọ́n ń fún láti ara hóró ọ̀gbọ̀, àti ìda oyin ni mo yàn. A fi àkísà pa òróró náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọjọ́ méjì láàárín ìkíní àti ìkejì, a sì nu èyí tí igi kò mu kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú ogún. Ìda ni ó gbẹ̀yìn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, a rún àwọn àkísà olóróró sínú páálí kan ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ní nǹkan bí agogo méje, nígbà tí mo ti ń ti ilẹ̀kùn, ọmọ iṣẹ́ àgbà ní, "Ọ̀gá, ẹ dúró ná, nǹkan ń rùn." Mo ti ọwọ́ bọ páálí náà, àárín rẹ̀ gbóná bí ẹ̀kọ gbígbóná, àkísà ìsàlẹ̀ sì ti ń yí sí àwọ̀ kọfí. Kò sí iná níbẹ̀, kò sí wáyà níbẹ̀. Òróró linseed fúnra rẹ̀ ni í mú ooru jáde bí ó ti ń gbẹ, bí a bá sì rún àkísà pọ̀, ooru náà kò ríbi jáde títí yóò fi gbiná. Bí a bá ti lọ ilé ni, ṣọ́ọ̀bù ì bá ti jó. Láti ìgbà náà, a ń na àkísà kọ̀ọ̀kan sórí okùn níta, tàbí kí a rì í sínú omi.

Ìpele 9: Gbígbé wọn sí ààyè

Ní oṣù Kejì ọdún 2025 ni a gbé wọn lọ. Mo bẹ̀ wọ́n kí ẹ̀rọ amúnáwá wọn kúrò lábẹ́ fèrèsé, nítorí èéfín rẹ̀ náà wà lára ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n lè ṣí fèrèsé rárá. A gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé. Ní báyìí, wọ́n ń ṣí fèrèsé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láàárọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó tan amúlétutù. Ẹni tó bá ti wọ ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí Maxwell Fry àti Jane Drew ya àwòrán rẹ̀, á ti rí bí wọ́n ṣe lo ògiri oníhò-ihò láti jẹ́ kí atẹ́gùn wọ̀ kí oòrùn má sì wọ̀. Ọ́fíìsì yìí kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n fèrèsé ní iwájú àti ẹ̀yìn tó.

A yí gbogbo tábìlì kí ìmọ́lẹ̀ máa ti ẹ̀gbẹ́ wá, nítorí pé tẹ́lẹ̀, fèrèsé wà lẹ́yìn àwọn kan, ó ń tàn padà lójú kọ̀ǹpútà wọn. Ní igun inú, fóònù mi ka ìmọ́lẹ̀ sí 180 lux (lux ni òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀). Ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù béèrè 500 fún ibi tí a ti ń kàwé tí a sì ń kọ̀wé. A gbé tábìlì méjì kúrò ní igun náà, a sì gbé àpótí fáìlì sí ipò wọn.

Owó

Pákó ìrókò ₦99,000, ọkọ̀ ₦18,000, mélínà ₦116,000, bọ́ọ̀tì ₦28,800, gọ́ọ̀mù ₦24,000, òróró àti ìda ₦62,000, abẹ ₦35,000, ìbòmú ₦16,000, epo bẹntiróòlù fún ẹ̀rọ amúnáwá ṣọ́ọ̀bù ₦47,500, ìgbìyànjú tí kò tó ₦38,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦484,800, ìyẹn ₦60,600 fún tábìlì kan, láìka owó iṣẹ́ ọwọ́ wa. Bí mo bá ní kí n ka ọjọ́ tí yíyọ ìṣó nìkan gbà, ìrókò àtijọ́ náà kò pọ́ọ́kú tó bí ó ti rí lójú.

Ohun tí mo ṣì ń ṣọ́

Mo ti padà lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ojú kò ta ẹnikẹ́ni mọ́. Tábìlì tó là nígbà àkọ́kọ́, a ti tú u, a fá etí rẹ̀, a sì tún un lẹ̀. Ní oṣù Keje tí òjò pọ̀, ojú tábìlì mélínà kan fẹ̀ sí i ní mílímítà 2, àwọn ìdè rẹ̀ sì sún nínú ihò bí mo ti fẹ́. Ìyá olùṣírò ti fúnra rẹ̀ fi sípánà rẹ tábìlì rẹ̀ sílẹ̀ ní ihò kan, nítorí bàtà pẹlẹbẹ ni ó ń wọ̀ wá báyìí. Tábìlì kẹfà ní bọ́ọ̀tì kan tó máa ń tú. Mo ti ra nọ́ọ̀tì onírọ́bà fún un, màá sì dè é nígbà tí mo bá padà lọ wọn ojú ìlẹ̀pọ̀ gbogbo wọn ní àkókò ọyẹ́.